Kí ẹ tó ra yíìsì fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣu ẹnu jọ kó máa lọ, àwa tá à ń sìn ín máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Mọ́mì Ìkòròdú, àbúrò màmá mi, ní ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, abo kan bí mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, wọ́n ti gba àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú, kí akọ lè tètè tún gun ìyá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin kú. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹran fún wọn ní kí wọ́n ra yíìsì. Wọ́n rà á, wọ́n fi omi gbígbóná pò ó mọ́ oúnjẹ. Ìkarùn-ún tún kú.

Mọ́mì bá pè mí: "Ọmọ mi, ìwọ tó ò ń tẹ fóònù tọ̀sán tòru, bá mi wò ó, ṣé jìbìtì ni yíìsì yìí ni?"

Mọ́mì, kì í ṣe jìbìtì. Wọn ò kàn sọ gbogbo ẹ̀ fún yín ni.

Yíìsì, ìyẹn ìwúkàrà, nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Òun ló ń mú búrẹ́dì wú, òun náà ló ń mú ẹmu hó tó fi ń pa èèyàn. Saccharomyces cerevisiae lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Èyí tí wọ́n ń pè ní boulardii, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. Henri Boulard, ará Faransé, ló rí i lára èso ní Indochina láwọn ọdún 1920, nígbà tó ṣàkíyèsí pé àwọn ará ibẹ̀ ń lo èèpo èso náà fún ìgbẹ́ gbuuru lásìkò àrùn onígbáméjì.

Ẹ wo inú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ná. Wàrà ìyá ló ń ṣọ́ ìfun ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á lẹ́nu ọmú, ìyá lọ, wàrà lọ, ilé yí padà, ẹ tún kó o mọ́ àwọn tí ò mọ̀ rí. Òmíràn ò ní jẹun fọ́jọ́ kan tàbí méjì. Àwọn nǹkan wínníwínní tó yọ bí ìka lára ìfun, tó ń fa oúnjẹ sára, á kúrú. Tí ebi bá wá pa á dójú ẹ̀, á jẹ àjẹjù, oúnjẹ ò ní dà. Oúnjẹ tí ò dà yẹn ni E. coli ń fi ṣe fàájì. Gbuuru dé, omi ara tán, ó kú.

Ibẹ̀ ni yíìsì ti wúlò. Ṣúgà kan wà lára ẹ̀ tí àwọn E. coli kan máa ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á wá bá ìgbẹ́ jáde dípò kí wọ́n so mọ́ ìfun. Èyí tó wà láàyè tún ń lo oxygen inú ìfun tán, ìyẹn sì ń tu àwọn kòkòrò rere tí ò fẹ́ oxygen lára. Antibiotic kì í sì í pa á, torí ìdílé olú ló ti wá.

Àmọ́ kì í gbé inú ìfun o. Tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti lọ. Omi gbígbóná sì ń pa á. Mọ́mì ti se é jinná kó tó dẹ́nu ẹran! Òkú yíìsì, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ láti ilé iṣẹ́ bíà, oúnjẹ gidi ni, kò kàn lè ṣe iṣẹ́ alààyè ni. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ò ní sọ èwo ni wọ́n ń tà. Ẹ ka ara ọ̀rá ẹ̀: tó bá jẹ́ alààyè, ó yẹ kí iye CFU àti déètì wà níbẹ̀. Yíìsì búrẹ́dì náà wà láàyè, ṣùgbọ́n torí kó lè mú ìyẹ̀fun wú ni wọ́n ṣe yan irú ẹ̀, kì í ṣe torí ìfun ẹran.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè bú mi: yíìsì kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ náwó lé. Ọ̀sẹ̀ kan sí i lábẹ́ ìyá ni. Òfin European Union ní kí wọ́n má gba ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́nu ọmú kó tó pé ọjọ́ 28, àfi tí ilé àkànṣe bá wà fún un. Àwa ń gbà á lọ́jọ́ 21, lórí ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kó ti máa tọ́ oúnjẹ wò nígbà tó ṣì ń mu ọmú. Omi tó mọ́, ilẹ̀ gbígbẹ. Kí yíìsì wá tẹ̀ lé e. Ìwádìí lórí yíìsì fúnra ẹ̀ ò fẹnu kò: níbì kan gbuuru dín kù, níbòmíràn kò sí ìyàtọ̀.

Èyí tó wá bí mi nínú jù: nígbà tí yíìsì ò ṣiṣẹ́, colistin ni wọ́n tún tà fún Mọ́mì, pé kí wọ́n máa bù ú sómi "kí àìsàn má baà wọlé". Colistin wà lára oògùn tí dókítà ń fi pa mọ́ fún èèyàn, fún ọjọ́ tí oògùn yòókù bá kùnà! Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní China kéde mcr-1, jíìnì kan tí kì í jẹ́ kí colistin rí E. coli pa mọ́, tó sì lè ti ara kòkòrò kan bọ́ sára òmíràn. Lára E. coli inú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti rí i. China ní kí wọ́n yé fi colistin mú ẹran sanra ní 2017. European Union ti dá gbogbo antibiotic amẹ́ransanra dúró láti oṣù kìíní 2006. Tiwa wà lórí tábìlì, nínú ọ̀rá, ẹni tó bá lówó kó rà.

Tí gbuuru bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ fún wọn lómi oníyọ̀ àti ṣúgà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ta yíìsì fún yín pé ó ń wo ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó ń pa wọ́n lọ bẹẹrẹ yẹn. Kò wò ó.

Abo kejì máa bí lóṣù tó ń bọ̀. Mọ́mì ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún làwọn ọmọ máa lò lábẹ́ ìyá. Ọkọ wọn ti ń kùn pé owó ń ṣòfò. Màá padà wá sọ bó ṣe lọ.