ẸNI TÓ KỌ̀ Ọ́ TI DÁ Ọ LÓHÙN

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, òwe yìí ni mo fẹ́ fi bá gbogbo wa wí, èmi náà pẹ̀lú.

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà kan tí ń gba ímeèlì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà kankan kò wọlé mọ́. Àwọn tí ń retí èsì lórí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ dúró tì mí. Kí ni mo ṣe? Mo bú àwọn tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, mo bú iná mànàmáná, mo pa ẹ̀rọ náà, mo sì tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹta. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí bi mí pé, “Kí ni ó wí nígbà tí o kàn sí i láti òde?”

Mo ní, “Connection refused ni, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, ẹni tó kọ̀ ọ́ ti dá ọ lóhùn. Bí ọ̀nà bá dí ni, lọ́pọ̀ ìgbà, kẹ́kẹ́ ni yóò pa títí àkókò yóò fi kọjá. Lọ wo ẹni tí ó yẹ kí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn 25.”

Ilẹ̀kùn 25 ni àwọn mail server fi ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà SMTP tí Jonathan Postel kọ ní 1982. Mo wò ó. Ètò tí ń gba lẹ́tà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 127.0.0.1 nìkan ni ó ń tẹ́tí sí. Èyíinì ni pé ohùn ara rẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́. Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀? Èmi ni! Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo yí i padà, níbi tí mo ti ń dán nǹkan wò. N kò kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì gbàgbé.

Mo tún un ṣe. Orí sì yọ mí: ìlànà tí wọ́n tún kọ ní 2008 ní kí ẹ̀rọ tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa gbìyànjú fún ó kéré tán ọjọ́ 4 tàbí 5 kí ó tó jáwọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́tà ti ń wọlé.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó kàn wá o. Kí a tó di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí a sọ fún wa, kí a sì máa kọ gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nìkan kò lè gba iṣẹ́ tí a rán sí i. Ènìyàn náà kò yàtọ̀.