Ọ̀nà kan ò wọjà



Nígbà tí ìjọba ka èèyàn ní ọdún 2002, a lé díẹ̀ ní 71,000 ní gbogbo kọ́múùnù wa. Nígbà tí wọ́n tún kà wá ní 2013, a ti tó bí 111,000. Láàárín ọdún mọ́kànlá, nǹkan bí 39,000 èèyàn ló kún wa. Ọmọ layọ̀, a ò ráhùn. Àmọ́ ilẹ̀ kì í bímọ. Ilẹ̀ tí èèyàn bí 300 ń jẹ tẹ́lẹ̀, bí 460 ló ń jẹ ẹ́ ní 2013.

Kí la wá gbójú lé? Ká má tan ara wa jẹ: ọ̀pọ̀ nínú wa, ibodè Igolo ni. Oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ibodè. Oṣù kẹrin 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí ti Ìdírókò tó kọjú sí wa. Ní oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kíá ni epo kpayo gbówó lórí níbí. Wọ́n sọ̀rọ̀ l'Ábújá, owó ọbẹ̀ yí padà n'Ifangni.

A ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣòwò ibodè mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wa làwọn ará òdìkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọjà. Ọ̀pẹ wà nílẹ̀ wa, epo pupa àti àdín ò sì bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ aṣọ́bodè kó tó so lórí igi. Bí ìdílé bá wá gé oko ọ̀pẹ sí pọ́lọ̀ọ̀tì tà, ọmọ á fowó náà ra alùpùpù, alùpùpù á gbó, ilẹ̀ ò ní padà wá.

Ẹ̀yin olórí ìdílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọwọ́ bọ̀wé títa oko láìjẹ́ pé gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, gbọ́ sí i. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ kọ́múùnù, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó tí ẹ ń gbà lọ́jà, kẹ́ ẹ fi ra ẹ̀rọ ìfúnpo fáwọn ìyá wa.

Ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè: bí wọ́n bá tún ti ibodè lọ́la, kí làwọn ọmọ wa máa jẹ?