Kí Ọmọ Tó Mọ “Ẹ Ṣé”

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: FÚN. Mo fún ọ. O fún mi. Ó fún wa. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín. Èrò tèmi ni pé kò sí olùkọ́ tó lè là á yé wa bí ọmọ kékeré. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí òun ṣe ń tọ́ ọmọ yóò mọ bí Ọlọ́run ti lawọ́ sí òun tó.

Ẹ wo Rush Green wa níbí, ní ààlà Barking and Dagenham àti Havering. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń gbé ní Barking and Dagenham, ó lé ní 26 tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales tí ìpín àwọn ọmọdé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀, ẹ óò rí àwọn ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ ní Rush Green Road. Ẹlòmíràn nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni. Ọmọ inú kẹ̀kẹ́ ń sùn ní tirẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyá òun kò tíì fojú kan oorun. Kò mọ iye owó ilé, kò mọ iye owó iná. Ohun tó mọ̀ ni pé bí òun bá jí, oúnjẹ yóò wà.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òwe gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ oṣù mẹ́ta. Ó gba oore àná, ó gba ti òní, kò dúpẹ́ rí. Kódà, igbe ló fi ń san án. Bí àgbàlagbà bá hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, abaramóorejẹ ni a ó pè é. Síbẹ̀, ní agogo méjì òru, ìyá rẹ̀ á tún dìde. Níbi tí ọmọ ọwọ́ wà, oore ló ń ṣáájú, ọpẹ́ ló ń tẹ̀ lé e.

Bí Ọlọ́run ti ṣe sí àwa náà nìyẹn. Ọdún mélòó ni a ti ń mí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí a tó mọ ẹni tí à bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí kò dúpẹ́ rí títí di òní, oòrùn ń ràn sí i, òjò ń rọ̀ sí oko rẹ̀. Abájọ tó fi jẹ́ pé bàbá àti ọmọ tó ń béèrè oúnjẹ ni Jésù fi ṣe àpẹẹrẹ nínú Mátíù orí 7. Àwọn Mùsùlùmí inú wa náà mọ Ar-Rahman, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Ọlọ́run. Gbòǹgbò kan náà ni orúkọ yẹn àti ọ̀rọ̀ tí àwọn Lárúbáwá ń pe ilé-ọmọ jọ ní.

Ẹ wá fi dòdò síwájú ọmọ ọdún méjì. Ẹ ní, “Fún mi lẹ́yọ kan.” Kíá, á fi ọwọ́ bo àwo: “Tèmi ni!” Ta ló ra ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ta ló dín in? Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ kò ní gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á mú èyí tó ti gé jẹ, tó ti rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á fi sí yín lẹ́nu. Inú yín á dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ohun tí à ń fún Ọlọ́run kò ju dòdò yẹn lọ. Tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn nítorí pé a ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣí ọwọ́.

Ẹ lè bi mí pé, bí oore kò bá dúró de ọpẹ́, kí ló dé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní “Ẹ ṣé”? Ọpẹ́ kì í ṣe owó ọjà. Ọmọ tó bá dúpẹ́ ti gbójú sókè kúrò lórí àwo, ó ti rí ojú ẹni tó gbé e wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ ọ.

Àwọn tó ń gbé e wá sì pọ̀. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, gbogbo ọmọ Reception, Year 1 àti Year 2 ní ilé-ìwé ìjọba ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Ní London, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ẹni tí kò bímọ rárá wà lára àwọn tó ń san owó orí tí wọ́n fi ń sè é. Ẹ tún lọ sí Eastbrookend Country Park tó wà nítòsí wa. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbin igi sí i, wọ́n sì ṣí i ní 1995. Àwọn tó gbin igi náà kò mọ ọmọ yín. Ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run sábà máa ń fi fúnni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka èyí, tí ẹ sì ti ń tọrọ ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Ọlọ́run háwọ́ sí yín. Ọmọ bíbí kọ́ ni òṣùwọ̀n ìfẹ́ rẹ̀. Ẹ wà lára igba ojú náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa òbí gan-an rèé. A fẹ́ràn láti máa sọ pé, “Ṣé o mọ ohun tí ojú mi rí lórí rẹ?” Òótọ́ ni pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n kí ọmọ fi ìfẹ́ tọ́jú wa yàtọ̀ sí kí a máa kọ gbèsè sí i lọ́rùn láti kékeré. Ẹ wo orúkọ Olúwafúnmikẹ́: Olúwa fún mi kí n máa kẹ́ ẹ. A kò sọ ọ́ ní “Olúwa yá mi lówó.” Ohun tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni a gbé lé ọmọ lọ́wọ́.

Èdè Yorùbá náà wà lára rẹ̀. Ìyá a máa bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kó tó gbọ́ èsì kan ṣoṣo. “Pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi. Ṣé ebi ń pa ọ́?” Kò sí èsì, kò sì dákẹ́. Kí ló wá dé tí a fi ń dákẹ́ nígbà tí ọmọ bá pé ọdún márùn-ún, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn? Ẹ̀yin òbí tó ń sọ pé ó ti sú yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Bí Ọlọ́run bá ń dúró de èsì kó tó fúnni, ta ni ì bá rí nǹkan gbà nínú wa? Ẹ máa sọ ọ́ fún un. Ó ń wọ̀ ọ́ létí.

Iṣẹ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ yìí: nígbà tí ẹ bá ń jẹun alẹ́, kí olúkúlùkù parí gbólóhùn yìí, tọmọdé tàgbà: “Kí n tó béèrè, Ọlọ́run ti fún mi ní …” Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o.