Ta ló bi àǹtí mi bóyá wọ́n fọn?

1/ Inú ń bí mi o. Láàárín ọdún kan, kílò 15 lọ lára àǹtí mi. Wọ́n ya fọ́tò ọmú, dókítà ní ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oúnjẹ ò wọ̀ wá lọ́fun mọ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fọn!

2/ Nínú màmógíráàmù, ọ̀rá ló ń dúdú, ẹran ọmú gangan ló ń funfun. Tí ọ̀rá bá yọ́, funfun lè dà bíi pé ó pọ̀ sí i, láìjẹ́ pé nǹkan kan hù.

3/ Àmọ́ jẹjẹrẹ náà máa ń funfun, ó lè sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ má fi "mo kàn fọn ni" tan ara yín.

4/ Ẹ̀yin dókítà, ẹ béèrè! Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì mú fọ́tò àtijọ́ dání.