Ẹ Má Lé Oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Lójú Agbo

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, n kò sì lè pa á mọ́ra. Ní ọdún tí ó kọjá, mo lọ sí àjọ̀dún orin kan ní ìlú tí kò jìnnà sí wa. Jùjú ń dún, sákárà ń dún, aṣọ òkè wà lọ́rùn àwọn olórin, gbogbo ẹnu ni ó sì ń wí pé a ń gbé àṣà wa lárugẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe lé ìyá àgbàlagbà kan tí ó ru agbè ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wá. Wọ́n ní bíà onígbọ̀wọ́ nìkan ni a gbọdọ̀ tà nínú ọgbà. Ìyá náà yí padà láìsọ ohunkóhun.

Mo bèèrè: àṣà wo ni a wá ń gbé lárugẹ?

Níbo ni jùjú gan-an ti ta gbòǹgbò? Ní ilé ẹlẹ́mu ní Èkó ni, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ta gìtá fún ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, kí Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé e sínú àwo láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ẹlẹ́mu ni ó gba olórin sílé. Lónìí, olórin wà lórí ìtàgé, olótí ìbílẹ̀ wà níta. Ǹjẹ́ ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan yóò ní ọtí ìbílẹ̀ kò lajú. Irọ́ ni. A óò rẹ àgbàdo, a óò jẹ́ kí ó hù, a óò sá a, a óò lọ̀ ọ́, a óò sè é, a óò sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ọgbọ́n tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò fún ọkà báálì kò yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó báálì tí a ti mú hù wọlé ní ọdún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n sá tọ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ti fi ń pọn ọtí láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní ó léwu. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2015, ògógóró tí májèlé wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers. Ṣùgbọ́n ooru ẹmu tí a sè ni a ń gbà di ògógóró. A kì í pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìmọ́tótó ni a ń bẹ̀rù, kí àwọn wolé-wolé yẹ omi àti ìkòkò wò, kí wọ́n sì fún ẹni tí ó bá yege láyè.

N kò ní kí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí mu ún, n kò sì ní kí a tà á fún ọmọdé. Ohun tí mo ń wí ni pé bí a óò bá ta ọtí rárá, kí tiwa náà ní ìsọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àjọ̀dún, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó gba owó onígbọ̀wọ́.

Ọmọ wo ni yóò kọ́ iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ ní gbangba? Bí iṣẹ́ náà bá parun, àwa olùkọ́ ọ̀la ni yóò dúró níwájú pátákó, tí a óò máa ṣàlàyé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún ọmọ tí kò tọ́ ọ wò rí. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ọ̀rọ̀ mi kò jù báyìí lọ.