Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wa Lè Sọ Pé Òun Pàdánù

Bí a ti péjọ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Kọ́bapẹ́, tí à ń ka orúkọ àwọn tí ó fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, a bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kí ẹ gbà wá láyè láti sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn ún sọ níbi àríyá. Ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì kan iṣẹ́ tí ó ti gba ọkàn àwọn ọmọ wa lóde òní, èyíinì ni iṣẹ́ oníṣòwò ní ọjà owó.

Nígbà tiwa, bí olùkọ́ bá bi ọmọ pé kí ni yóò dà, yóò ní dókítà, tàbí agbẹjọ́rò. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sọ pé òun yóò máa ra dọ́là, òun yóò sì máa tà á lórí tẹlifóònù. Àwa kò kẹ́gàn iṣẹ́ náà. Ọmọ Ẹ̀gbá kò gbọdọ̀ kẹ́gàn òwò. Alájàpá tí ó jí ní ìdájí, tí ó ra gàárì lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní oko, tí ó sì gbé e lọ tà ní Èkó, oníṣòwò ọjà ni. Ohun tí oníṣòwò ilé ìfowópamọ́ ńlá ń ṣe kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ìpín ilé-iṣẹ́, ìwé gbèsè ìjọba, owó ilẹ̀ òkèèrè tàbí kòkó tí a kò tíì ká lórí igi ni ọjà tirẹ̀. Iṣẹ́ náà wúlò. Bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe tán láti rà nígbàkigbà, ìyá arúgbó tí ó fẹ́ ta ìpín rẹ̀ láti fi tọ́jú ara kò ní rí olùrà.

Ṣùgbọ́n òfin ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti 1961 ni ọjà ìpín ti wà ní Èkó. Ẹnu ni àwọn aláròóbọ̀ ibẹ̀ fi ń pe iye ọjà títí di oṣù kẹrin ọdún 1999, kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò, kí àjọ SEC sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́, wọn kì í retí pé kí oníṣòwò má pàdánù, nítorí kò sí ẹni tí kì í pàdánù. Wọn a kọ iye tí ó lè pàdánù sílẹ̀ fún un. Bí ó bá dé ibẹ̀, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó sì sọ. Ẹni tí ó ń rà tí ó sì ń tà kọ́ ni ó ń kọ ìwé ìṣirò. Nítorí náà, kí ènìyàn lè jẹ́wọ́ àdánù ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò iṣẹ́ yìí.

Ẹ wo Kweku Adoboli. Orílẹ̀-èdè Gánà ni a ti bí i ní 1980. Ilé-ẹ̀kọ́ Ackworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ Quaker dá sílẹ̀, ni ó lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti di olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tiwa ni, orúkọ rẹ̀ ìbá wà lára pátákó ọlá. Ó jáde ní Yunifásítì Nottingham ní 2003, ó sì wọ iṣẹ́ báńkì UBS ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni àpò ìkọ̀kọ̀ kan ti wà nínú ìwé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "umbrella", agboòrùn. Èrè tí kò fi han ọ̀gá ni ó ń kó síbẹ̀, kí ó lè fi bo àdánù ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí ọjà yí padà ní 2011, agboòrùn náà kò gba òjò mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ó tó kọ̀wé jẹ́wọ́, bílíọ̀nù 2.3 dọ́là ni ó ti ṣòfò. Ilé-ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ní 2012. Ní 2018 wọ́n dá a padà sí Gánà, bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún 12 ni ó ti ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn òkèèrè lásán ni. Àwa tí a kọ èyí, ọmọ kíláàsì kan náà ni wá. Ọdún mẹ́ta ni a fi dá owó jọ láti kọ́ ilé ìkàwé fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀kan nínú wa tí ó ń ra owó ilẹ̀ òkèèrè lórí tẹlifóònù ní òun yóò mú kí ó pọ̀ sí i. A kò bi í bóyá ó ní ìwé àṣẹ. A kò bi í pé èló ni ó lè sọnù. Ohun kan ṣoṣo tí à ń bi í ní gbogbo ìpàdé ni pé, "Ó ti di èló báyìí?" Yóò dárúkọ iye kan, àwa yóò sì pàtẹ́wọ́. Oṣù méje lẹ́yìn tí owó náà ti tán ni a tó gbọ́, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì sọ fún wa. Nígbà tí a bi òun fúnra rẹ̀ pé kí ló dé, ó ní, "Ojú ń tì mí. Bí ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ yẹn, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó jẹ̀bi, a kò fi èyí pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwa náà pín nínú ẹ̀bi náà, nítorí pé etí wa kò gba ohun mìíràn ju èrè lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé tẹ́tẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kí onígbàgbọ́ jìnnà sí i. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú òwe tálẹ́ńtì tí Olúwa wa pa, àwọn tí ó fi owó ọ̀gá wọn ṣòwò ni ó gba ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé olúkúlùkù wọn ni ó wá síwájú ọ̀gá láti jíhìn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìbẹ̀rù ọ̀gá ni ó mú kí ẹnìkẹta ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí ìbẹ̀rù bá pọ̀ jù, ìfipamọ́ kì í jìnnà síbẹ̀.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ lé ẹni tí ó bá ṣèlérí èrè kan pàtó lóṣooṣù lọ́wọ́. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ọjà kì í ṣe ìlérí: ní oṣù kẹta ọdún 2008, atọ́ka ọjà ìpín Èkó ti kọjá 66,000, nígbà tí yóò fi pé ọdún kan, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Àwọn tí ó ṣèlérí bí MMM ní 2016 àti CBEX ní 2025, ẹ mọ bí wọ́n ṣe parí. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá wá fúnra rẹ̀ sọ pé òun kùnà nínú ìdánwò, ẹ má dójú tì í níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó kọ́ láti fi máàkì pamọ́ ní ọmọ ọdún 14 yóò mọ bí a ti ń fi mílíọ̀nù pamọ́ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo mọ́. Kí ẹlòmíràn máa kọ ìṣirò rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé náà ṣì wà nínú ọgbà, koríko ti bò ó. A ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó rẹ̀. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, nígbà tí akápò bá dìde, àdánù ni a ó ní kí ó kọ́kọ́ kà. Bí ó bá kà á tán, kí ó tó dé orí èrè, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.