Ẹ Wá Igun Kan fún Ìwé Ọjà Nínú Ilé

 

Tí a bá ní ká ní ọ́fíìsì nínú ilé, àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ti akọ̀wé ni ọ́fíìsì, ẹja ni tèmi." Ta ló wá ń ka owó edé lálẹ́? Ta ló ń ṣírò ẹni tó jẹ wá lówó ní Igbókọ̀dá? Iṣẹ́ ọ́fíìsì nìyẹn.

Abẹ́ ẹní ni èmi ń fi ìwé gbèsè sí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan omi wọlé nígbà tí mo wà lọ́jà. Ìwé rẹ, íńkì ṣàn. Àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run san owó mi. Àwọn yòókù ní àwọn ò rántí.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀dó lọ́dún 1947, òkun ti kó ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sá fún omi ò ní ráyè wá ìwé.

Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀, kó jìnnà sí èéfín ẹja àti ọwọ́ ọmọdé. Ẹ kan pákó mọ́ ògiri, kó ga tó èjìká. Ẹ di ìwé àti rìsíìtì sínú láílọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ kó o sínú ike onídèérí tó ṣeé gbé sọ́kọ̀ wéré. Ẹni tó ní fóònù, kó ya fọ́tò ìwé gbèsè, kó fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lókè.

Ẹ̀yin baálé wa, ẹ má sọ pé ààyè ò sí. Ṣebí ààyè wà fún àwọ̀n yín!